Okun, òkun, okùn: ìbéèrè tí ẹ ń bi mí nípa títa iná oòrùn sókè òkun

Okun o, ẹ̀yin èèyàn wa, láti Kàbà dé Ẹ̀gbẹ̀, láti Ìyàrà dé Mọ̀pà àti Ìsánlú.

Iṣẹ́ sólà ni mò ń ṣe ní Kàbà, ní Ìpínlẹ̀ Kogi. Èmi ni mò ń gun òrùlé yín, tí mò ń de pánẹ́ẹ̀lì, tí mò ń so bátìrì, tí fóònù mi sì máa ń dún láago méjìlá òru nígbà tí ìnfátà bá bẹ̀rẹ̀ sí í han. Láìpẹ́ yìí, ìbéèrè kan ti wọ àárín ìbéèrè tí àwọn oníbàárà máa ń bi mí. Wọ́n ti rí i lórí fóònù pé òyìnbó fẹ́ fi wáyà gba ìsàlẹ̀ òkun kó iná oòrùn láti ilẹ̀ Áfíríkà lọ sí ìlú wọn. Kò sí ẹni tó rí i tí kì í fi kún un pé: tiwa ńkọ́? Mo ti dáhùn títí ẹnu fi ń ro mí. Mo wá kó o jọ síbí, kí n lè máa fi ránṣẹ́ sí ẹni tó bá tún bèèrè.

Àwọn tí kì í ṣe ará ibí lè má mọ̀ pé "Okun" ni a fi ń kí ara wa, òun náà ni wọ́n wá fi ń pè wá. Ilẹ̀ Okun kò sì ní òkun. Ó wá ku okùn, ìyẹn wáyà.

Ṣé òótọ́ ni pé wáyà lè gba abẹ́ òkun gbé iná lọ sí ìlú mìíràn?

Òótọ́ ni, ó sì ti pẹ́. Lọ́dún 1954 ni àwọn ará Swídìn ti fa irú rẹ̀ lọ sí erékùṣù wọn kan tó ń jẹ́ Gotland, nǹkan bí 100 kìlómítà, pẹ̀lú iná 20 mẹ́gáwáàtì péré (mẹ́gáwáàtì kan jẹ́ mílíọ̀nù kan wáàtì). Lónìí, wáyà kan wà láàárín Nọ́wè àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gùn ní 720 kìlómítà, ọdún 2021 ni wọ́n tan án. Òmíràn tí wọ́n ń pè ní Viking Link wà láàárín Dẹ́ńmáàkì àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 765 kìlómítà, ìparí ọdún 2023 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè gbé 1,400 mẹ́gáwáàtì. Iná tí wọ́n kọ́ ìdídò Kainji láti máa mú jáde jẹ́ 760. Ẹ wá wò ó, wáyà kan péré, iná Kainji méjì dín díẹ̀.

Ilẹ̀ Áfíríkà pàápàá kò gbẹ́yìn. Láti ọdún 1997 ni wáyà ti so Mòrókò mọ́ Sípéènì lábẹ́ omi tó là wọ́n láàárín. Omi ibẹ̀ kò fẹ̀ púpọ̀, òun ló jẹ́ kó rọrùn.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe ni kí wáyà iná gùn tó 4,000 kìlómítà lábẹ́ òkun. Ibẹ̀ gan-an ni ìròyìn tí ẹ̀ ń rí lórí fóònù wà.

Iléeṣẹ́ wo ló wá ń ṣe é? Ibo ni wọ́n bá a dé?

Méjì ni ariwo wọn pọ̀ jù.

Àkọ́kọ́ ni Xlinks. Ètò tiwọn ni pé kí wọ́n to pánẹ́ẹ̀lì àti ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ sí agbègbè Guelmim-Oued Noun ní gúúsù Mòrókò, kí wọ́n to bátìrì rẹpẹtẹ síbẹ̀, kí wọ́n sì fa wáyà bí 4,000 kìlómítà gba etí òkun Pọtogí, Sípéènì àti Faransé títí dé Devon nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. 3,600 mẹ́gáwáàtì ni wọ́n fẹ́ máa gbé. Owó rẹ̀ lé ní 20 bílíọ̀nù pọ́n-ùn. Wọ́n ní kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí iye tí wọn yóò máa ra iná náà fún ọdún gbọọrọ. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, ìjọba ní rárá: ewu rẹ̀ pọ̀, iná tí àwọn bá fúnra àwọn mú jáde nílé ló tẹ́ àwọn lọ́rùn.

Èkejì ni SunCable ti Ọsirélíà. Aginjù ìhà àríwá ilẹ̀ wọn ni wọ́n fẹ́ to pánẹ́ẹ̀lì sí, kí wọ́n fa iná wá sí ìlú Darwin, kí wọ́n sì ti ibẹ̀ fi 4,300 kìlómítà wáyà gba abẹ́ òkun lọ sí Singapore. Ọlọ́rọ̀ méjì ló kó owó lé e, Mike Cannon-Brookes àti Andrew Forrest. Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 2023, ẹnu wọn kò kò mọ́, iléeṣẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí òfin ń yàn láti bójú tó iléeṣẹ́ tó kó sí gbèsè. Cannon-Brookes ló padà rà á lọ́dún náà. Ní 2024, ìjọba Ọsirélíà fọwọ́ sí i ní ti àyíká, Singapore náà sì fún wọn ní ìwé àṣẹ fún 1,750 mẹ́gáwáàtì, àmọ́ ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe wà nínú rẹ̀. Wáyà kò tíì kan omi.

Ṣáájú àwọn méjèèjì, Desertec ti wà. Jámánì ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 2009, pé oòrùn Sàhárà yóò máa tan ìdá 15 nínú 100 iná Yúróòpù nígbà tó bá di 2050. Kó tó pé ọdún mẹ́fà, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ńlá tó wọlé ti bá ẹnu ọ̀nà jáde. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ yìí ti dájú bí ọjọ́ ọjà Kàbà, kò mọ ìtàn yìí.

Kí ló dé tí wọn kò kàn fa wáyà lásán? Kí ni wọ́n ń pè ní DC tí wọ́n ń tẹnu mọ́?

Ẹ jẹ́ kí n fi àṣìṣe ara mi ṣàlàyé. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, màmá kan tó ń sin adìyẹ ní Ìyàrà ní kí n fa iná sí ilé adìyẹ òun. Bátìrì wà nínú ilé, ilé adìyẹ wà ní ìsàlẹ̀ ọgbà, ó tó 60 mítà sí ara wọn. Gílóòbù mẹ́ta ni, àpapọ̀ wọn 60 wáàtì. Mo fa wáyà 2.5 láti ara bátìrì 12 fólítì lọ tààrà, mo sì ń súfèé. Nígbà tí mo tan án, iná náà ń ṣe pọ̀ọ́pọ̀ọ́ bí ojú ẹni tí oorun ń kùn. Mo fi mítà wọ̀n ọ́n: 12 ló kúrò nílé, 7 àti díẹ̀ ló dé ọ̀dọ̀ adìyẹ. Wáyà ti jẹ ìyókù lójú ọ̀nà. Màmá yẹn wo òkè, ó wò mí, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé ó ti rẹ iná yìí kó tó débí ni?"

Mo tú u. Mo gbé e gba inú ìnfátà kó di 220 fólítì, mo sì fi wáyà kan náà fà á. Lọ́tẹ̀ yìí, ohun tó sọnù kò tó fólítì kan. Bí fólítì bá ga, ohun tó ń ṣàn nínú wáyà á dín kù, ooru á dín kù, ìfiṣòfò náà á sì dín kù. Ohun tí ilé adìyẹ kọ́ mi yìí náà ni àwọn tó fa Viking Link ń lò, àmọ́ 525,000 fólítì ni tiwọn.

Ọ̀rọ̀ DC wá ńkọ́? Iná tí NẸ́PÀ ń gbé wá fún wa, AC ni. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Lórí òpó, nínú afẹ́fẹ́, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n wáyà tí wọ́n fi rọ́bà wé, tí wọ́n tún fi irin yí ká, tí wọ́n wá rì sínú omi, ó ní ikùn. Ẹ mú rọ́bà gígùn tí wọ́n fi ń bomi rin ọgbà, irú èyí tó rọ̀, kí omi kún inú rẹ̀. Ẹ fi ẹnu fà á, ẹ fẹ́ ẹ, ẹ fà á, ẹ fẹ́ ẹ. Rọ́bà á máa wú, á máa sọ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á ro yín, omi tó wà lórí kejì kò sì ní mira. Bẹ́ẹ̀ ni AC ṣe ń ṣe lábẹ́ omi: tó bá ti tó nǹkan bí 100 kìlómítà, agbára wáyà ń tán lórí kíkún ikùn ara rẹ̀. DC kò ń lọ kó máa bọ̀. Ó kún ikùn wáyà lẹ́ẹ̀kan, ó wá ń ṣàn lọ.

Ìdí nìyí tí ilé ńlá kan fi máa ń wà ní orí méjèèjì wáyà náà, ọ̀kan ń sọ AC di DC, èkejì ń sọ ọ́ padà. Ẹ wò ó bí ìnfátà tó gba ilẹ̀ tó pápá bọ́ọ̀lù mélòó kan.

Báwo ni wáyà náà ṣe rí gan-an?

Ó nípọn tó ojúgun géńdé ọkùnrin. Bàbà tàbí alumíníọ́ọ̀mù ló wà láàárín, lẹ́yìn ìyẹn ni ohun tí kì í jẹ́ kí iná jáde, lẹ́yìn ìyẹn òjé kí omi má wọlé, lẹ́yìn ìyẹn wáyà irin tí wọ́n lọ́ mọ́ ọn bí ẹni hun agbọ̀n. Mítà kan rẹ̀ lè wúwo tó àpò sìmẹ́ǹtì kan. Ẹ wá fi 4,000 kìlómítà ṣe ìṣirò, ẹ má sì gbàgbé pé wáyà tó ń gbé iná lọ wà, èyí tó ń dá a padà wà, kò lè jẹ́ ẹyọ kan. Ọkọ̀ ojú omi kan kò lè kó o tán lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n á gbé apá kan, wọ́n á tẹ́ ẹ, wọ́n á padà wá gbé òmíràn, wọ́n á so ó pọ̀ lójú omi. Àwọn tó ń ṣe irú wáyà yìí kò pọ̀ láyé: Prysmian ti Ítálì, Nexans ti Faransé, NKT ti Dẹ́ńmáàkì ni ògúnnágbòǹgbò wọn, iṣẹ́ tó sì wà nílẹ̀ fún wọn ti pọ̀ jù.

Iná mélòó ló máa sọnù lójú ọ̀nà?

Lórí irú DC gíga yìí, nǹkan bí ìdá 3 nínú 100 fún 1,000 kìlómítà, ẹ wá fi díẹ̀ kún un fún ilé tó wà ní orí méjèèjì. Ti Mòrókò sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì á jẹ́ nǹkan bí 12 tàbí 13. Ẹni tó bá ń kó tòmátò láti Zaria wá sí ọjà wa mọ̀ pé ìyẹn kò burú rárá.

Wáyà íntánẹ́ẹ̀tì ti wà nínú òkun láti Èkó dé Yúróòpù. Ṣé kò lè bá wa gbé iná lọ ni?

Kò lè gbé e. Ti íntánẹ́ẹ̀tì, okùn gíláàsì tín-ín-rín bí irun ló wà nínú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ló ń gba inú rẹ̀ kọjá. Iná díẹ̀ wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń fún ìmọ́lẹ̀ yẹn lágbára lójú ọ̀nà nìkan ni iná náà wà fún.

Síbẹ̀, ó kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ kan. Ṣé ẹ rántí ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024? POS kọ̀, owó kò wọlé, owó kò jáde, gbogbo wa ń na fóònù sókè bí ẹni ń wá netiwọ́ọ̀kì lójú ọ̀run. Ní etí òkun Abidjan ni wáyà ti já, mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan: MainOne, WACS, ACE àti SAT-3. Kàbà jìnnà sí Abidjan, ṣùgbọ́n mo ní oníbàárà kan lọ́jọ́ yẹn tí kò rí owó bátìrì san fún mi. Mo gbé bátìrì mi padà sílé.

Tí wáyà iná náà bá já ńkọ́?

Ó ń já. Ìdákọ̀ró ọkọ̀ àti àwọ̀n àwọn apẹja ló ń dá ọ̀pọ̀ jù nínú rẹ̀ sílẹ̀. Ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 2024, wáyà Estlink 2 tó so Fínlándì mọ́ Ẹstóníà já, wọ́n sì fura sí ọkọ̀ ojú omi kan tó fa ìdákọ̀ró rẹ̀ lórí ilẹ̀ òkun. Ó gba oṣù mélòó kan kí wọ́n tó tún un ṣe.

Èyí tó wù mí jù láti máa sọ ni ti Tasmania, erékùṣù kan ní Ọsirélíà. Wáyà wọn, Basslink, bàjẹ́ ní oṣù kejìlá ọdún 2015, àsìkò ọ̀dá, tí omi ìdídò wọn sì ti fà. Oṣù kẹfà ọdún 2016 ni iná padà. Láàárín ìgbà yẹn, ẹ̀yin èèyàn mi, jẹnẹrétọ̀ dísù ni wọ́n kó wá tàn. Òyìnbó náà tan jẹ́n! Nígbàkúùgbà tí oníbàárà bá ní kí n bá òun ta jẹnẹrétọ̀ òun torí pé òun ti ní sólà, mo máa ń rántí Tasmania, mo sì máa ń ní kó fi pamọ́.

Oòrùn ń wọ̀ níbí, ó ń wọ̀ lọ́dọ̀ wọn náà. Kí ni wọ́n fẹ́ fi iná oòrùn ṣe lálẹ́?

Bàbá kan ní Ìyàmoyè ló bi mí ní èyí, ó sì dára ju ọ̀pọ̀ ohun tí mo ń kà nínú ìwé ìròyìn lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi tiwa wò ó. Ní Kàbà, oòrùn ń wọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀. Nínú ọyẹ́, aago ìlú London fi wákàtí kan gbẹ́yìn tiwa, nítorí náà aago márùn-ún ààbọ̀ ni níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù kejìlá, oòrùn London ti wọ̀ kó tó lu aago mẹ́rin. Èrè wákàtí kan ààbọ̀ péré ni oòrùn wa lè fún wọn, lẹ́yìn náà àwa pẹ̀lú wọn a jọ wà nínú òkùnkùn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń se oúnjẹ, tí wọ́n ń tan ẹ̀rọ amúlé-móoru. Ti Ọsirélíà tún le jù: ìlà-oòrùn Singapore ni Darwin wà, oòrùn ẹni tó ń tà ń wọ̀ kí ti ẹni tó ń rà tó wọ̀.

Ìdí rèé tí ètò Mòrókò kì í fi í ṣe ti oòrùn nìkan. Afẹ́fẹ́ etí òkun ibẹ̀ ń fẹ́ nígbà tí oòrùn bá ti ń lọ, bátìrì náà á sì di ìyókù mú. Bó ṣe rí lórí òrùlé yín náà nìyẹn. Pánẹ́ẹ̀lì kì í wọ́n mọ́, bátìrì lowó wà.

Ó dáa. Ṣé a lè ta oòrùn ilẹ̀ Okun sókè òkun?

Kí n má tàn yín: rárá, kì í ṣe ní ìgbà tí ojú mi lè rí.

Ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀nà. Láti ibí dé etí òkun ní Èkó, orí òpó ni iná máa gbà. Òpó náà rèé: lọ́dún 2024 nìkan, iná gbogbo orílẹ̀-èdè wó lulẹ̀ ju ìgbà mẹ́wàá lọ. Ẹni tó fi owó bílíọ̀nù ra iná kò ní fẹ́ gbọ́ pé "wọ́n ti mú iná."

Ẹ wá wo òkun. Wáyà íntánẹ́ẹ̀tì MainOne, láti Pọtogí dé Èkó, gùn tó 7,000 kìlómítà. Tí ẹ bá fi ìdá 3 nínú 100 ṣe ìṣirò lórí gbogbo 1,000 kìlómítà, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún iná yín ti bá ẹja lọ.

Èyí tó pa ọ̀rọ̀ rẹ́ ni pé ojú ọ̀nà yẹn ni Mòrókò wà. Aginjù ibẹ̀ kì í rí òjò bíi tiwa. Pánẹ́ẹ̀lì kan náà tí mo bá gbé sórí òrùlé ní Kàbà, tí wọ́n bá gbé e síbẹ̀, iná tó máa mú jáde lọ́dún á ju tiwa lọ. Níbí, ẹ mọ̀ bí oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án ti ń rí, tí ìkùukùu á bo òkè títí dalẹ́. Ẹ sì mọ eruku ọyẹ́. Òyìnbó tí a ní kó wá ra oòrùn lọ́dọ̀ wa, ṣé yóò rìn kọjá ẹni tó ń ta ojúlówó rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ni?

Ṣé iná tí Nàìjíríà ń tà fún Benin àti Niger ló kó wa sínú òkùnkùn?

Òótọ́ ni pé a ń tà á: fún Benin, Togo àti Niger, lórí òpó. Ti Niger ti wà láti ìgbà pípẹ́, àdéhùn ni, pé a ó máa fún wọn níná kí wọ́n má baà dí odò Ọya mọ́ wa lókè. Àwa tí odò yẹn ń gba Lọ́kọ́ja kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó yẹ kí ìyẹn yé wa. Ní 2024, NERC, àjọ ìjọba tó ń ṣètò ọ̀rọ̀ iná, pàṣẹ pé ohun tó ń lọ sẹ́yìn odi kò gbọdọ̀ ju ìdá 6 nínú 100 lọ. Nítorí náà, kì í ṣe ìyẹn ló ń mú iná yín. Gáàsì tí kò dé ẹ̀rọ, òpó tó ti gbó, tírànsífọ́mà tí àdúgbò ń dáwó tún ṣe, àwọn yẹn ni.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó wà nínú ọ̀rọ̀ Niger tóbi. Nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba níbẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2023, Nàìjíríà pa iná wọn. Niamey ṣókùnkùn. Ìlú tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ aládùúgbò ni ọ̀pọ̀ jù lọ iná rẹ̀ ti ń wá, ọwọ́ aládùúgbò ló wà. Kí ọdún náà tó parí, ilé sólà 30 mẹ́gáwáàtì tí wọ́n kọ́ sí Gorou Banda ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ̀rù irú rẹ̀ náà wà nínú ohun tó mú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sá fún wáyà Mòrókò.

Àwọn kan wá sí abúlé wa, wọ́n ní iléeṣẹ́ òyìnbó fẹ́ gba ilẹ̀ wa fi ṣe sólà tí iná rẹ̀ máa lọ sí London. Wọ́n ní ká san owó fọ́ọ̀mù.

Ẹ má san kọ́bọ̀. Ẹni tó fẹ́ gba ilẹ̀ yín ló yẹ kó mú owó wá. Ẹ ti ka ohun tí mo sọ lókè nípa 7,000 kìlómítà. Ẹ bi wọ́n ibi tí wáyà wọn máa gbà, kí ẹ wo ojú wọn.

Tó bá sì jẹ́ iléeṣẹ́ gidi, tó fẹ́ ṣe sólà tí iná rẹ̀ máa wà nílé, ìyẹn lè wáyé lọ́jọ́ kan. Ẹ mọ̀ pé òfin ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, àti pé bí ìjọba bá gba ilẹ̀ lọ́wọ́ yín, ohun tí ẹ gbìn àti ohun tí ẹ kọ́ sórí rẹ̀ ni wọ́n ń san owó rẹ̀, wọn kì í sanwó ilẹ̀ gbẹrẹfu. Nítorí náà, ẹ ka igi kajú yín. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Ẹ fi ilẹ̀ náà yá wọn fún iye ọdún kan, kí owó máa wọlé lọ́dọọdún, dípò kí ẹ tà á pátápátá. Kí lọ́yà tiyín ka ìwé náà kí ọwọ́ tó kàn án, kì í ṣe lọ́yà tí wọ́n mú wá.

Ilẹ̀ mélòó ló máa ń gbà?

Mẹ́gáwáàtì kan, nǹkan bí éékà mẹ́rin sí márùn-ún, kò sì gbọdọ̀ sí igi tó ń ṣíji bò ó. Ti SunCable, nǹkan bí 12,000 hẹ́kítà ni wọ́n fọkàn sí. Aginjù ni wọ́n gbé e sí, ẹnikẹ́ni kò gbin iṣu síbẹ̀.

Ṣé wáyà abẹ́ òkun náà kò ní pa ẹja?

Kò ní pa á. Iná kò jáde sínú omi. Ooru díẹ̀ àti agbára òòfà díẹ̀ ló ń yọ lára rẹ̀, wọ́n sì máa ń rì í mọ́lẹ̀ níbi tí ilẹ̀ òkun bá gbà.

Kí ni Mòrókò ṣe tí àwa kò ṣe, tó fi jẹ́ pé ọ̀dọ̀ wọn ni gbogbo ayé ń lọ?

Wọ́n tan iná ilé wọn ná. Ní 1995, nínú ilé 100 ní àwọn abúlé Mòrókò, nǹkan bí 18 péré ló ní iná. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní 1996, abúlé dé abúlé. Ibi tí òpó kò lè dé, wọ́n gbé sólà síbẹ̀. Lónìí, iná ti dé gbogbo abúlé wọn tán pátá, àfi díẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n wá kọ́ ilé oòrùn ńlá Noor sí Ouarzazate, 580 mẹ́gáwáàtì, apá àkọ́kọ́ ṣí ní 2016. Iná ibẹ̀ kì í lọ sí London. Àwọn ará Mòrókò ló ń lò ó.

Èmi kò lòdì sí títa nǹkan sókè òkun. Àgbẹ̀ kajú ni bàbá mi. Láti oṣù kejì, tí èso bá ti ń já, a máa ń ṣa kóró kajú kún àpò, oníṣòwò á gbé e, ó di Èkó, ó di ọkọ̀ ojú omi, ó di Vietnam tàbí Íńdíà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pa á, tí wọ́n ń bó o. Ọjọ́ kan, àbúrò mi tó wà ní Èkó mú pálí kajú kan wá sílé, tí wọ́n ti yan, tí wọ́n fi iyọ̀ sí. Bàbá yí pálí náà síwá sẹ́yìn, ó bèèrè iye tí wọ́n rà á, ó sì dákẹ́. Bí mo bá gbọ́ pé wọ́n fẹ́ kó oòrùn láti ibi tí ilé kò ti níná, pálí yẹn ni mo máa ń rí.

Èwo ni a wá lè ṣe níbí?

Ọ̀pọ̀ nǹkan, wọn kò sì ju agbára wa lọ.

Láti 2016 ni NERC ti gbé òfin jáde fún mini-grid: ilé sólà kékeré tó ní bátìrì tirẹ̀, òpó tirẹ̀ àti mítà tirẹ̀, tó ń fún abúlé kan tàbí méjì níná. Owó wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní oṣù kejìlá ọdún 2023, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 750 mílíọ̀nù dọ́là fún ètò kan tó ń jẹ́ DARES, pé kí iná irú èyí dé ọ̀dọ̀ èèyàn 17.5 mílíọ̀nù ní Nàìjíríà. REA, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń mú iná dé ìgbèríko, ló ń bójú tó o. Òfin iná ti 2023 sì fún ìpínlẹ̀ lágbára láti ṣe òfin iná tirẹ̀. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú yín lè kọ lẹ́tà. Kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ ka ilé, ẹ ka ṣọ́ọ̀bù, ẹ ka ẹ̀rọ ìlọta àti ẹ̀rọ gàrí, torí pé ohun tó máa ń pa mini-grid ni kí ó jẹ́ gílóòbù àti fóònù nìkan ni wọ́n ń fi iná rẹ̀ ṣe lójú ọ̀sán. Ọ̀sán ni iná oòrùn pọ̀. Abúlé tó bá ní ẹ̀rọ tó ń lọ nǹkan lọ́sàn-án, owó iná rẹ̀ á fúyẹ́. Tí ẹ bá rí ẹ̀rọ tó ń bó kajú fi kún un, ẹ pè mí.

Sólà mi kì í kún bátìrì mọ́ láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé. Ṣé pánẹ́ẹ̀lì ti bàjẹ́ ni?

Nínú ìpè mẹ́wàá tí mo ń gbà nípa èyí, mẹ́sàn-án jẹ́ eruku. Ẹ fi ìka fa ìlà sórí pánẹ́ẹ̀lì. Tí ẹ bá rí ọ̀nà ìka yín, ìyẹn ló ń jẹ iná yín. Àárọ̀ kùtù ni kí ẹ fọ̀ ọ́, kí oòrùn tó mú un gbóná, torí omi tútù lórí gíláàsì gbígbóná lè là á. Omi lásán àti fóòmù tó rọ̀. Ẹ má lo ọṣẹ Omo, ẹ má lo kànìnkànìn irin, ẹ má sì gun orí pánẹ́ẹ̀lì. Tí ẹ bá fọ̀ ọ́ tán tí kò bá tún kún, ẹ pè mí. Kó ṣáà má jẹ́ aago méjìlá òru.